Ère Tó Rẹ́rìn-ín ní Ìgèdè

Ìyá Onísìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè mí l'Adó-Èkìtì, orúkọ náà sì ti kó wàhálà bá mi kọjá sísọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọkùnrin kan tún gbé ọkọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní òun fẹ́ ra ogún àpò. Mo ní, "Ọmọ mi, n kì í ta sìmẹ́ǹtì. Èèyàn ni mo máa ń fi í mọ." Ẹ ò bá rí i bí ó ṣe fi ẹ̀yìn rìn padà sínú ọkọ̀ rẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi kí n tó lè pè é padà láti ṣàlàyé.

Ère ni mo ń fi sìmẹ́ǹtì mọ. Ère ìyá àti bàbá tí àwọn ọmọ olóòókú máa ń gbé sórí sàréè, áńgẹ́lì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kìnnìún ẹnu géètì. Mo ṣe iṣẹ́ náà ju ogójì ọdún lọ kí orúnkún mi tó sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ náà dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ! Bí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, n ó tún bọ́ sínú yanrìn.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa pè mí láti wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń yan iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tó máa ń ya àwòrán sórí fóònù dìde, ó ní, "Mà, gbogbo ayé ló ń sọ pé ká ṣe iṣẹ́ tá a fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ràn àwòrán kan, tí oníbàárà wá ní kí n yí i padà, ó máa ń dùn mí bíi pé ó bú mi ni. Ṣé kí n má fẹ́ràn iṣẹ́ mi mọ́ ni?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo fò dìde láìrántí orúnkún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, àlàyé ń gùn, pásítọ̀ ń wo aago, wọ́n bá gbàdúrà ìparí lé mi lórí. Ìdáhùn tó kù nílẹ̀ rè é.

Ìjàn-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Iṣu ni ìyá mi ń tà. Yèyé ni à ń pè é nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Yèyé ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ náà yóò kan ojú rẹ̀. Bí ẹni tó ń rajà bá ń nájà, Yèyé á dẹ orí sí apá òsì, á wo onítọ̀hún, á sì la ẹnu rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín èjí rẹ̀ á hàn. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀rín yẹn ti ra iṣu tán. Mo mọ àwọn tí wọ́n ní iṣu nílé tí wọ́n sì tún ra ti Yèyé.

Yèyé ló mú mi wá sí Adó láti kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní àdúgbò Fájuyì. Iṣẹ́ aránṣọ kò burú, ṣùgbọ́n ní òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ayọ̀délé wà, níbi tí áńgẹ́lì tí kò tíì ní ìyẹ́ àti bàbá àgbà tí kò tíì lórí ti ń dúró nínú oòrùn. N kò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi ẹ̀rọ rán ìka ara mi ni ìyá aránṣọ sọ fún mi pé, "Dákun, sọdá. Ṣebí ibẹ̀ ni ojú rẹ wà láti ọjọ́ yìí."

Mo sọdá lóòótọ́. Ọ̀gá Ayọ̀délé jẹ́ ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí eruku sìmẹ́ǹtì ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun kí ó tó dàgbà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọbìnrin kì í po sìmẹ́ǹtì."

"Ṣé ọmọbìnrin kì í gúnyán ni, sà?"

"Uyán kọ́ lèyí o."

"Kò lè le ju uyán lọ, sà."

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí asẹ́. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí Yèyé gbọ́, ó wọkọ̀ wá láti Ìjàn, ó bá mi níbi tí mo ti funfun bí ẹni tó ṣubú sínú èlùbọ́. "Uṣẹ́ kí lèyí?" ló kọ́kọ́ ké. Lẹ́yìn náà ó dẹ orí sí òsì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí mo bá ti lè mọ èèyàn, kí n má gbàgbé láti mọ ọkọ fún ara mi.

Ọ̀gá le! Odidi ọdún kan, yanrìn ni mo ń sẹ́. Á bu yanrìn tí mo ti sẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi àtàǹpàkò rà á, bí ó bá kan òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo, á da gbogbo rẹ̀ padà sílẹ̀. Kì í bínú, kì í pariwo, ohun tó sì ń bani lẹ́rù nìyẹn. Lẹ́yìn yanrìn ló kan omi. Ère tuntun gbọ́dọ̀ mumi fún ọjọ́ mélòó kan kí ó má bàa sán, èmi ni mo sì ń bomi fún wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Nígbà tó wá fún mi ní ojú mọ, ojú áńgẹ́lì ni, mo ṣe é tọkàntọkàn. Mo mọ etí kan sí i báyìí, etí tí ó dà bí ẹni pé ó ń gbọ́ orin láti òkè. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, etí yẹn ni mo ń wò. Ọ̀gá dé, ó wo ère náà, ó bi mí pé, "Èwo lo fẹ́ràn jù níbẹ̀?"

Èmi òmùgọ̀, inú mi dùn pé ó bèèrè. "Etí, sà!"

Ó mú ṣíbí irin tí a fi ń rẹ́ sìmẹ́ǹtì, ó ha etí náà kúrò. Ó ha á mọ́lẹ̀ ráúráú! Mo sunkún títí a fi kó irinṣẹ́ wọlé. Nígbà tó rí i pé omi ojú mi ti tán, ó pè mí. Ó ní, "Etí náà dára. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti mọ ọ́n lo ti ń yí orí áńgẹ́lì náà díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí etí. Wo ọrùn rẹ̀." Mo wo ọrùn. Ọrùn náà ti wọ́ bíi ti ẹni tó fi ọrùn sùn. N kò rí i tẹ́lẹ̀ rárá.

Láti ọjọ́ náà ló ti kọ́ mi ní ohun tí à ń pè ní ìrìn èrò nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Bí ère bá parí, wàá bọ́ aṣọ iṣẹ́, wàá fọ ọwọ́, wàá rìn dé oríta. Kí o ra ẹ̀pà. Kí o kí ẹni tó yẹ kí o kí. Lẹ́yìn náà kí o padà wá bí èrò ọ̀nà tó kàn ń kọjá lọ, tí kò mọ ẹni tó ṣe ère náà, tí kò mọ iye ọjọ́ tí ẹ̀yìn fi dun ún. Ohun tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí ọ lẹ́nu nígbà tí o bá rí i, òun ni ère náà ń wí. "Pò ó bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀," Ọ̀gá á wí, "wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí." Wọ́n máa ń ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Nínú iṣẹ́ tiwa, ojú olójú ló sàn jù, wàá kàn yá a lò ni.

Mo gba fúrídọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lójú ọ̀nà Ìyìn. Bí owó ṣe wọlé àti bí kò ṣe wọlé, ẹ jẹ́ ká fò ó, gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ló mọ ìtàn yẹn. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí mo gbà ni kìnnìún méjì fún ẹnu géètì ọ̀gbẹ́ni kan. N kò rí kìnnìún rí láyé mi. Mo wo èyí tó wà lára páálí ìṣáná, mo fi ìgboyà dí èyí tó kù. Bí a ṣe gbé wọn dúró tán, ìyá àgbàlagbà kan tó ń kọjá ní, "Ajá yìí mà sanra o! Kí ni wọ́n ń fún un jẹ?" Onílé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì padà lọ tún gọ̀gọ̀ wọn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mí rárá. Mo wá ń yangàn káàkiri pé èmi ti mọ bí a ṣe ń mú ọkàn kúrò lára iṣẹ́.

Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. N kò fẹ́ràn kìnnìún ni. Ohun tí èèyàn kò fẹ́ràn kò ṣòro láti fi sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣòro. Yèyé kú. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mò ń sáré kiri ní Ìjàn: àwọn tó ń gúnyán ń pè mí, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ń pè mí, ẹbí ń bèèrè àga. Ẹkún kò wá. Mo rò pé bóyá mo ti dàgbà ju ẹkún lọ. Yèyé sì ti sọ nígbà ayé rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ère, pé agbélébùú kékeré kan tó òun. Èmi tí mo ti mọ ìyá gbogbo ayé, agbélébùú kékeré ni mo mọ fún ìyá mi. Mo mọ ọ́n láàárín òwúrọ̀ kan, mo rì í mọ́lẹ̀, mo sì padà sí Adó.

Kò pé oṣù kan tí àwọn ará Ìgèdè-Èkìtì fi dé. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, Bọ̀dá Kúnlé tó jẹ́ àgbà àti Bísí tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Ìyá wọn ló kú, wọ́n fẹ́ gbé ère rẹ̀ sórí sàréè. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, Màmá Tíṣà ni gbogbo Ìgèdè ń pè é. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n mú wá, fọ́tò àtijọ́ tí òun àti odidi kíláàsì jọ yà, tí ojú rẹ̀ kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, tí òjò sì ti pa. Mo ní n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bọ̀dá Kúnlé ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó dà bí ìyá, mà."

Kó dà bí ìyá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Etí mi gbọ́ "ìyá", ọwọ́ mi gbọ́ "Yèyé".

N kò ṣiṣẹ́ báyẹn rí! Ọwọ́ mi ń sáré, mò ń kọrin, mo ń gbàgbé oúnjẹ. Ère náà jókòó lórí àga, ọwọ́ lé itan, gbogbo ohun tí mo bá sì fọwọ́ kàn níbẹ̀ ló ń dà bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ mo máa ń fi aṣọ bò ó, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó. Nígbà tó parí, n kò rin ìrìn èrò. Kí ni n ó rìn fún? Mo mọ̀ pé ó dára. Inú mi ń dùn bí ìyàwó ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò sì bi ara mi léèrè ohun tó ń dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

A gbé e lọ sí Ìgèdè, èmi àti bíríkìlà wọn fi kọnkéré rì í mọ́ orí sàréè níwájú ilé, a sì fi aṣọ funfun bò ó. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣíṣọ lójú rẹ̀, Ọjọ́ Ìsinmi ni ìdúpẹ́, tí gbogbo ìlú yóò wá. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, táyà ọkọ̀ tó gbé mi fọ́ lọ́nà. Mo gun ọ̀kadà dé oríta wọn, mo fẹsẹ̀ rìn èyí tó kù. Wọn kò dúró dè mí.

Láti ojú títì ni mo ti rí i láàárín orí àwọn èèyàn. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kanlẹ̀, ẹnu mi sì ti wí pé, "Yèyé, ẹ kú ọjà o!"

Orí rẹ̀ dẹ sí òsì. Ẹnu rẹ̀ là. Eyín èjí rẹ̀ hàn nínú oòrùn.

Ọkùnrin kan tó ti hewú ké láti ẹ̀yìn pé, "Tíṣà kì í rẹ́rìn-ín!" Òmíràn ní, "Taa rè é?" Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ olórí agboolé wọn sún mọ́ ère náà, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí imú rẹ̀, ó mi orí. "Umú rẹ̀ kọ́ rè é. Umú rẹ̀ kọ́ rárá."

Bọ̀dá Kúnlé wá bá mi. Kò pariwo. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin la gbéṣẹ́ fún. Taa ni ẹ gbé wá jókòó lórí sàréè ìyá wa?"

Mo lè purọ́. Mo lè ní fọ́tò wọn ló burú, òótọ́ sì ni pé ó burú. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú Yèyé sì ń wò mí. Mo ní, "Ìyá mi ni. Mo sin ín ní oṣù tó kọjá. N kò mọ̀ pé òun ni mò ń ṣe. Ẹ dárí jì mí."

Bísí, tó ti ń sunkún tẹ́lẹ̀, dì mọ́ mi. Bọ̀dá Kúnlé wá sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní gbàgbé títí n ó fi kú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tiwa ńkọ́?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé ère náà lọ sí ilé mi, n ó mọ òmíràn. Bíríkìlà ní kò ṣeé ṣe, pé irin rẹ̀ ti wọ inú kọnkéré, pé bí a bá fipá tú u, yóò fọ́ láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ìdúpẹ́ sì kù ọjọ́ mẹ́ta. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pe Ọ̀gá Ayọ̀délé lórí fóònù. Ó ti di àgbàlagbà nígbà náà, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Ṣé o rìn?"

"Rárá, sà."

"Èwo lo fẹ́ràn jù níbẹ̀?"

"Ẹ̀rín rẹ̀, sà. Gbogbo ojú náà."

"Ó dáa. O mọ ohun tó kù," ló wí. Ó ní kí n kí àwọn olóòókú, ó sì pa fóònù rẹ̀.

Mo gba òòlù lọ́wọ́ bíríkìlà. Mo gbé e sókè, ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀. Mo tún gbé e sókè. Gbogbo èèyàn ń wò mí, n kò bìkítà fún wọn mọ́. Mo ní, "Yèyé, ẹ má bínú," mo sì lu ẹnu rẹ̀.

Ẹkún tí n kò rí sun ní Ìjàn, Ìgèdè ni ó ti jáde. Mo ń lu òòlù, mò ń ké. Mo fọ́ ẹ̀rín, mo fọ́ eyín, mo fọ́ imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo fọ́ orí náà títí mo fi kan ọ̀pá irin tó tẹ̀ sí òsì. Àwọn obìnrin ilé náà ń bá mi sunkún láìmọ Yèyé rí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tó sin ìyá mi. Nígbà tó tán, mo na ọ̀pá irin náà ró ṣánṣán, mo ní kí wọ́n bu omi fún mi, mo fọ ojú, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé, "Ó yá, ẹ fi Tíṣà hàn mí."

Áà, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Màmá Tíṣà tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ yí mi ká, kálukú ń ṣe ojú olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní bí ó bá fẹ́ wò ọ́, orí awò ojú ló máa ń gbà wò ọ́, báyìí. Òmíràn ní, "Rárá o, ètè rẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, ó máa ń pa á pọ̀ báyìí." Ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì na ara rẹ̀ gbọnrangandan, ó sọ ojú di ti Tíṣà ní ọjọ́ tí wọ́n jí ṣọ́ọ̀kì kó, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo kígbe pé, "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ má mí!" Mo ń fi èédú yà á sórí páálí, ọwọ́ mi ti ń gbóná. Mo mú Bísí jókòó fún iwájú orí. Mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wọn imú Bọ̀dá Kúnlé lójú gbogbo ẹbí, olórí agboolé sì lu ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Hẹ̀n-ẹn! Umú ọ̀hún rè é!"

Inú mi dùn, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọ̀fọ̀ ṣì wà nínú mi, ojú mi ṣì wú, síbẹ̀ inú mi ń dùn gan-an. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, mò ń wá ẹnì kan tí n kò mọ̀, mo sì ń rí i díẹ̀díẹ̀.

Mo po sìmẹ́ǹtì tuntun, mo mọ orí náà lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi àpò tútù bò ó. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo rìn dé oríta Ìgèdè. Mo ra ẹ̀pà. Mo kí ìyá tó ń tà á, mo bi í léèrè àwọn ọmọ. Nígbà tí mo padà wá tí mo gbójú sókè, "Ẹ káàárọ̀, mà" ló bọ́ sí mi lẹ́nu, mo sì yára gbé ọwọ́ mi tó dọ̀tí pa mọ́ sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé òun nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n tún ṣí aṣọ náà. Ọkùnrin olórí pípá kan tó dúró lápá ọ̀tún mi wo ère náà lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ orí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò. Bísí ló kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín sọ nínú ẹkún rẹ̀. Bọ̀dá Kúnlé wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní, "Màmá wa rè é." Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ Ìgèdè kò tán lọ́wọ́ mi mọ́.

Nǹkan ti yí padà lẹ́nu iṣẹ́ wa láti ìgbà náà. Ní àtijọ́, wáyà inú táyà tó jóná ni a fi ń ṣe egungun ère. Ní báyìí wọ́n ti ń ta àwọ̀n irin tó dára ní ọjà, ẹ̀rọ tó ń ha sìmẹ́ǹtì wà, àwọn míràn tilẹ̀ ń da ojú sínú mọ́ọ̀dù tó ti ní àpẹrẹ ojú nínú bí ẹni ń dín àkàrà. Ní àtijọ́ fọ́tò kò tó, ní báyìí ó ti pọ̀ jù. Wọ́n á fi ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ sórí fóònù mi, gbogbo rẹ̀ ni fóònù ti bá wọn fọ̀ mọ́, kò sí àmì, kò sí ìwúwú abẹ́ ojú. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Ṣé ìyá yín ni èyí àbí ìyá fóònù?" Mo ṣì máa ń ní kí wọ́n dìde kí wọ́n ṣe ojú ìyá wọn fún mi. Wọ́n á kọ́kọ́ tijú. Tí ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù kò ní jẹ́ kó parí.

Ọmọ mi tó ń ya àwòrán sórí fóònù, ìdáhùn rẹ rè é, kò sí pásítọ̀ níbí tó máa wo aago. Fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ kò lè fi odidi ọdún sẹ́ yanrìn, á ti sá padà lọ ránṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé iṣẹ́ wá fún ọ ní ìyá tirẹ̀, ìyá yẹn ló wá wá lọ́dọ̀ rẹ. Bí ó bá ní kì í ṣe òun, má ṣe gbọ́ ọ bí èébú. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ojú rẹ nìkan kò lè rí ohun tí ọwọ́ rẹ fi pamọ́ síbẹ̀. Èmi tí mò ń wí yìí náà ṣì máa ń bínú. Mo ti bínú sí oníbàárà lórí bàtà ère lásán, tí mo fi ìbínú rìn dé oríta, tí mo padà rí i pé òótọ́ ló sọ.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè èwo ló dára jù nínú gbogbo ère tí mo mọ. Wọ́n á máa dárúkọ áńgẹ́lì yìí, bàbá yẹn, Màmá Tíṣà fúnra rẹ̀. N kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, n ó sọ òtítọ́ fún yín: èyí tó dára jù ni èyí tí mo fi òòlù fọ́ ní Ìgèdè. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀, kò sì sí ère mìíràn tí mo mọ tó jọ ẹni tí mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé e jókòó síwájú mi lọ́la, lórí sàréè ìyá ẹlòmíràn, n ó tún gba òòlù. N ó sunkún, n ó fọ́ ọ, n ó sì po sìmẹ́ǹtì tuntun.